Má San Owó Fèrè Tí O Fi Ń Pe Ìyàwó Rẹ

Pobẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ ọjà

Ràfíù Àjàní, ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun tí o ń ṣe ní Kútọ̀nu, mo kí ọ kú àìsùntó, mo kí ọ kú ìrìn ọ̀nà. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ṣú. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Má retí oríkì nínú lẹ́tà yìí, nítorí inú ń bí mi.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí màmá fi ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè ọ́, wàá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, wàá ní, "Dákọ́ọ̀, màmá, mo ti gbọ́," wàá sì pa á. Ìwé kì í pa ara rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀, mi ò sì ní fi í ṣe onílàjà. Nígbà tí èmi àti àwọn oníṣòwò epo pupa ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà lọ́jọ́sí, ẹ̀yin ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní kí ni màmá fẹ́ fi ìwé ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí.

Ọ̀rọ̀ tí o bi mí ni mo fẹ́ dáhùn. O ní ọdún kan tí àwọn tó ta ọkọ̀ fún ọ fi jẹ́ kí o lo nǹkan inú fóònù yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ máa pé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. O ní bí o bá fẹ́ máa rí ibi tí ọkọ̀ wà, tí o fẹ́ máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí o sì máa fọn fèrè rẹ̀ láti òkèèrè, àfi kí o máa sanwó lóṣooṣù. O sì ní kí n bá Nàfísátù ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀, kí ó máa yọ owó náà nínú èrè epo rẹ̀, torí pé òun ló ń lo ọkọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀ tí ìwọ bá wà ní Kútọ̀nu.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ yẹn, mo tún un gbọ́, nítorí mo rò pé etí mi ló ń darúgbó. Kì í ṣe etí mi. Ìwọ Ràfíù lo ní kí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ máa sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí fóònù rẹ kò sọ fún ọ. Ó ń fi hàn ọ́ pé ọkọ̀ wà ní Pobẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò ilé mi, ọkàn rẹ sì balẹ̀, o rò pé ìyàwó rẹ wá kí mi. Àpótí aṣọ rẹ̀ wà nínú yàrá mi. Ó ti kó aṣọ rẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ní òun kò kọ̀ ọ́, òun kò sì tíì pe ẹbí òun, ó kàn rẹ òun ni. Ṣùgbọ́n ó ní bí o bá san owó yẹn ní ọjọ́ Jímọ̀ kí o lè máa ṣọ́ òun lọ, òun kò ní padà sí ilé yín ní Sakẹ́tẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ilé rẹ ni.

Ó ṣeé ṣe kí o má mọ ohun tí o ṣe ní ọjọ́ ọjà, nítorí náà màá rò ó fún ọ bí ojú mi ṣe rí i.

Èmi àti Nàfí jọ lọ sí ọjà Pobẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, nítòsí ibi tí àwọn obìnrin Ọ̀họrí máa ń kó epo wọn sí. O mọ̀ pé epo kì í ṣe ohun tí à ń rà ní ìdúró. Wàá jókòó, wàá tọ́ ọ wò, wàá bu díẹ̀ sọ́wọ́, wàá fi ìka ra á bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀, wàá béèrè ọmọ, wàá béèrè oko, kí ẹ tó wá dé orí iye. Ọwọ́ Nàfí kún fún epo dé ìgúnpá. Fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì, báàgì wà nínú ọkọ̀. Ìdí tí kò fi gbọ́ nígbà tí o pè é nìyẹn, kò sí ìdí mìíràn.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Fèrè ń dún, iná iwájú ń ṣẹ́jú, iná ẹ̀yìn ń ṣẹ́jú. Àwọn obìnrin dìde, ẹnì kan sì da igbá epo rẹ̀ nù níbi tó ti ń sá. Ọlọ́kadà sémijàn kan sáré wá, ó fojú mọ́ gíláàsì, ó ní, "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ o." Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wá omi wá kí iná tó sọ.

Nàfí kò sáré. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó fi ewé nu ọwọ́ rẹ̀, ó rọra ní, "Ẹ má jáyà, ẹ̀yin ìyá mi. Ọkọ mi ló ń pè mí."

Ìyá àgbà tí a ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ bi í pé, "Ọkọ rẹ dà?"

"Ó wà ní Kútọ̀nu."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkọ̀, ó wo Nàfí, ó wá wò mí, torí ó mọ̀ pé èmi ni mo bí ọkọ náà. Ó ní, "Ọdẹ ni bàbá tèmi. Bó ṣe máa ń fọn fèrè pe ajá rẹ̀ nínú igbó nìyẹn."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ná ọjà Pobẹ̀. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ níbẹ̀, wọ́n ti bú mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò tì mí níbẹ̀ rí àfi ọjọ́ náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Orí ìyàwó rẹ wọ́ níṣojú mi, ọmọ tí mo bí ló sì wọ́ ọ.

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu rẹ báyìí. O fẹ́ sọ fún mi pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbé e mì. Èmi ni mo fi òwe yẹn tọ́ ọ nígbà tí o kì í gbọ́ràn, ọmọdé olórí kunkun ni mo pa á fún. Aya kì í ṣe ajá, Nàfí kò sì sọnù. Ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ọdún kan náà ni o gbé ọkọ̀ àti ìyàwó wọlé, ó wá dà bíi pé ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ bí a ṣe ń lo ọkọ̀ lo fi ń lo ìyàwó.

Ó dára. Jẹ́ kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn lẹ́sẹẹsẹ, bí inú tó ń bí mi bá máa jẹ́ kí n tò ó.

Èkíní, bí o bá ra nǹkan, béèrè ohun tí ẹni tó tà á fi pamọ́ fún ara rẹ̀. O ṣì kéré nígbà tí èmi àti bàbá rẹ ra ilẹ̀ Ìsàbá. Ọ̀dọ́ ni wá, ojú ń kán wa. Bàbá arúgbó kan ló tà á fún wa, ó mú wa rìn yí ààlà ká, ó súre fún wa. A ro ó, a gbin àgbàdo, a gbin ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ẹyìn pọ́n, la bá bá àwọn ọmọ bàbá náà lórí ọ̀pẹ pẹ̀lú igbà àti àdá, tí wọ́n ń já ìdì ẹyìn lulẹ̀ sórí àgbàdo wa. Bàbá rẹ figbe ta. Wọ́n lọ pe arúgbó náà wá. Ó wò wá bí ẹni tó ń wo ọmọdé, ó ní, "Ilẹ̀ lẹ rà lọ́wọ́ mi. Ta ló ta ọ̀pẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa níbí, ilẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pẹ lọ́tọ̀. Gbogbo ayé mọ̀, àwa náà mọ̀, ayọ̀ pé a di onílẹ̀ ni kò jẹ́ ká rántí béèrè. Láti ìgbà náà, bí àsìkò ẹyìn bá ti dé, a ó fún arúgbó yẹn lówó kí ó má bàa jẹ́ kí wọ́n tẹ oko wa mọ́lẹ̀. Orí ilẹ̀ ara wa la ti ń ra ẹyìn. Nígbà tó di ọdún kan, bàbá rẹ ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n wá já ẹyìn wọn, kí wọ́n fi orí ara wọn rù ú délé, òun kò san nǹkan kan mọ́. Wọ́n já a, wọ́n rù ú, ọrùn wọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló wá bẹ̀ wá pé kí a kúkú ra àwọn ọ̀pẹ náà pátápátá, kí gbogbo wa sinmi.

Ràfíù, ilẹ̀ Ìsàbá ni ọkọ̀ rẹ. Fèrè wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí o rà á. Ilẹ̀kùn wà lára rẹ̀. Ohun tó ń sọ ibi tí ó wà, wọ́n ti kàn án mọ́ inú rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án, owó irin rẹ̀ àti owó wáyà rẹ̀ sì wà nínú owó tí gbogbo wa dá jọ fún ọ. Ní báyìí, wọ́n ní kí o tún máa sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí o lò ó. Ojú kò tì wọ́n. Ọdún kan ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ọ yẹn, ìtọ́wò ni. Àwa oníṣòwò epo náà ń jẹ́ kí èèyàn tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n ìtọ́wò tiwa kì í ju orí ìka lọ. A kì í fi nǹkan mọ́ èèyàn lára fún odidi ọdún kan kí a tó wá dá iye lé e. Bí èmi bá ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Pobẹ̀, wọ́n á lé mi kúrò níbẹ̀.

Èkejì ni àwọn àǹfààní tí o kà sílẹ̀. Mi ò fẹ́ ṣe ojúsàájú, nítorí náà mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ní kí Nàfí fi gbogbo rẹ̀ hàn mí. Ó ní èèyàn lè jókòó sínú ilé kó tan ọkọ̀, kí inú rẹ̀ ti tutù kí ó tó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò kò nílò ìyẹn. Ó ní ó máa ń sọ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Orúnkún mi ń sọ ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá fi bọ́tìnnì pupa kan hàn mí lókè, ó ní bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á dáhùn ní èdè Faransé láti ọ̀nà jíjìn.

Eléyìí mú mi ronú, mi ò ní purọ́, torí èmi náà máa ń bẹ̀rù ọ̀nà oko tó ń rìn nítorí rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti tẹ̀ ẹ́ rí. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Ahóyéyé, nínú òjò tó kọjá. Obìnrin kan dáhùn lóòótọ́, pẹ̀lú ohùn dáadáa, ó wá bi í ní orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé tó wà nítòsí. Òpópónà wo ló wà ní ọ̀nà oko Ahóyéyé? Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ló fi èjìká ti ọkọ̀ jáde, wọn kò béèrè nọ́ńbà ilé kankan. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí o mọ orúkọ wọn. Bí owó oṣooṣù bá ń yún ọ lápò, fi ra obì àti ọṣẹ, kí ìyàwó rẹ fi máa kí wọn nígbà tó bá ń kọjá.

Ti olè ńkọ́? Mo gbọ́ tìrẹ níbẹ̀. Ibodè kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ tí wọ́n bá ti gbé ré e kọjá ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tasí Pobẹ̀ kò san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni, ìta sì ni ọkọ̀ wọn ń sùn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn. Ó ní oníná ọkọ̀ ló máa ń bá àwọn fi bọ́tìnnì kan pamọ́ síbi tí ẹlòmíràn kò mọ̀, bí èèyàn kò bá sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gba epo. Ẹ̀ẹ̀kan lo máa sanwó rẹ̀, ó parí.

Ohun kan tún wà tí o kò rò. Ẹni tó sọ fún ọ pé ọkọ̀ wà ní Ahóyéyé, òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ kí o tó mọ̀. Ta ni? Ìlú wo ló ń gbé? O kò mọ̀ ọ́n, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ ń lọ sí oko, ó mọ ibi tí ó ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́, ó mọ ilé mi. Bí ọkùnrin kan bá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ ní Sakẹ́tẹ́ tó ń wo ìyàwó rẹ bẹ́ẹ̀, ṣé o ò ní yọ igi tì í? Èyí tó yẹ kí o lé, òun lo fẹ́ máa sanwó oṣù fún. Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, mo sì fẹ́ kí o ka ibí yìí dáadáa. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, kò túmọ̀ sí pé obìnrin tó gbé e lọ jókòó lásán. Lóṣù tó kọjá, o pe Nàfí, o ní, "Kí lo ń ṣe ní Ahóyéyé láti àárọ̀? Ọkọ̀ kò kúrò lójú kan." Ìwọ ọmọ oníṣòwò epo. Ìwọ tí mo fi owó epo rán nílé-ìwé títí dé Àjàṣẹ́. Ìwọ tí o ti sùn nídìí àgbá epo lẹ́yìn mi, tí èéfín ń mú ọ húkọ́, ìwọ lo béèrè bẹ́ẹ̀.

Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe ń ra epo ni? Bí o bá sanwó fún àwọn obìnrin oko tí o sì yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á gbé epo kúrò lórí iná nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi epo àtijọ́ là á. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, igi ìdáná ló wọ́n. Ẹni tó fẹ́ epo gidi máa jókòó tì wọ́n títí epo á fi dákẹ́ ariwo nínú àgbá, kí ó tó ní kí wọ́n bù ú sínú bídọ́ọ̀nù òun. Èmi ni mo kọ́ Nàfí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí epo rẹ̀ kì í fi í kan lọ́wọ́ àwọn tó bá rà á. Fóònù rẹ rí ọkọ̀. Kò rí àgbá, kò rí èéfín, kò rí ìyàwó rẹ tí ojú rẹ̀ ń pọ́n nídìí iná. Ibi tí ọkọ̀ wà nìkan ló sọ fún ọ, ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìyókù, ohun tí o kọ kò sì dára.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀karùn-ún ni, mi ò kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ nígbà tó wà láyé, mi ò sì rò pé màá sọ ọ́ láé.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rẹ̀, Àjàṣẹ́ ni mo ń kó epo lọ. Bí mo bá dé, mi ò tíì ní sọ ẹrù kalẹ̀ tí màá ti máa rò fún un: ẹni tó ra epo, ẹni tó ná an tí kò rà á, ohun tí mo jẹ lọ́nà, ẹni tí a jọ jókòó nínú ọkọ̀ àti irọ́ tí onítọ̀hún pa. Bàbá rẹ á rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nǹkan sí i létí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bi àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀. Ìgbà wo ló wọkọ̀? Ta ló jókòó tì í? Níbo ló ti sọ̀? Àwọn awakọ̀ á sọ fún un, wọ́n á tún wá sọ fún mi pé ó béèrè, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Mi ò bá a jà. Mo kàn dákẹ́ ni. Bí mo bá dé, màá sọ ẹrù kalẹ̀, màá dáná. Mo ní nínú ara mi pé kí ó lọ bi àwọn awakọ̀ rẹ̀. Ó wá mọ ibi tí mo ti wọkọ̀ àti ibi tí mo ti sọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun kan nípa mi mọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ fún un pé mo sọ̀ ní Sakẹ́tẹ́, mi ò sì padà wọkọ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó fi ìbínú wà á láti Pobẹ̀ dé Sakẹ́tẹ́, ó ń bi àwọn èèyàn láti ojúlé dé ojúlé. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti bá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kò sì sí ẹni tó máa pọnmi fún un. Ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń wẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di kẹ̀kẹ́ mú, kò lè wọlé, kò lè padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "O ṣeun tí o wá kí mi." Kò mọ̀ pé kì í ṣe òun ló wá kí.

Kò bẹ̀ mí, bàbá rẹ kì í bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti Àjàṣẹ́ dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń bi mí pé, "Báwo ni ọjà?" Ó bi mí títí kí ẹnu mi tó là. Ẹnu tó bá ti kọ́ ìdákẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó gbàgbé. Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún ọ nìyẹn ju owó lọ. Lánàá, Nàfí se ọbẹ̀, ó bu tèmi, ó bu tirẹ̀, ó jókòó, kò sọ ohunkóhun títí a fi jẹun tán. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn, Ràfíù. Èmi náà ti gbé inú rẹ̀ rí.

Má rò pé mo kà ọ́ sí èèyàn burúkú. Ìwọ lo máa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà bí òjò bá ká mi mọ́ ọjà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé yàrá tí o gbà ní Kútọ̀nu yẹn á máa dákẹ́ bí o bá dé láti ibi iṣẹ́. O ń wo àwòrán ọkọ̀ kékeré yẹn lójú fóònù bí ẹni tó ń wo ìyàwó rẹ̀. Ó dùn mí fún ọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lò ń wò, kì í ṣe òun.

Ìdáhùn mi nìyí: má san án. Bí o bá ní ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí o sùn, tí o sì fẹ́ san án dandan, san án nínú owó iṣẹ́ rẹ, má fọwọ́ kan owó epo. Kí gbogbo nǹkan náà sì wà nínú fóònù Nàfí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú tìrẹ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló yẹ kó mọ ibi tó wà. Mo ti bi í, ó ní òun lè fara mọ́ ìyẹn. Bí ìwọ kò bá lè fara mọ́ ọn, a jẹ́ pé kì í ṣe olè ló ń bà ọ́ lẹ́rù, kí o sì tètè jókòó bi ara rẹ léèrè ohun tó jẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wá sí Pobẹ̀. Wọ tasí, kí o gun sémijàn wọ àdúgbò, kí gbogbo wọn rí ọ pé ìwọ lo wá, kì í ṣe fèrè. Ohun tí o bá fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ, mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Bí ó bá gbà, Nàfí ni yóò wa ọkọ̀ padà sí Sakẹ́tẹ́, ìwọ á jókòó tì í. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá. Ẹ dúró kí ìyá àgbà yẹn, kí o sì jẹ́ kó rí ojú rẹ.

Lálẹ́ òní ni awakọ̀ tasí máa fún ọ ní lẹ́tà yìí; bí o bá wo fóònù rẹ lọ́la, wàá rí i pé ọkọ̀ dúró ní Ìsàbá láti àárọ̀. Èmi ni mo ní kí Nàfí gbé mi lọ wo ọ̀pẹ bàbá rẹ. Bí ó bá wù ọ́, fọn fèrè rẹ. Èmi ni màá dá ọ lóhùn.

Bí ọ̀fẹ́ wọn bá parí, àwòrán ọkọ̀ á kúrò lójú fóònù rẹ. Tí o bá padà sí Kútọ̀nu ní ọjọ́ Ajé, o ò ní mọ ibi tí ìyàwó rẹ wà mọ́, ọkàn rẹ á sì máa lọ sókè sódò, mo mọ̀. Nígbà náà, pè é, kí o bi í bí ọjà ṣe rí. Bí kò bá tètè gbé e, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú epo. Dúró.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tí inú rẹ̀ ṣì ń bí, tó sì máa se oúnjẹ ọjọ́ Jímọ̀ dè ọ́.